Mímú Ètò Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Ìfitónilétí Bá Èròńgbà Ilé-Iṣẹ́ Mu

Mímú ètò ìmọ̀ ẹ̀rọ ìfitónilétí bá èròńgbà ilé-iṣẹ́ mu, tí a lè pè ní ìbámu ètò ní kúkúrú, ni ọ̀nà ìṣàkóso tí ilé-iṣẹ́ kan ń gbà rí i dájú pé owó tí ó ń ná sórí kọ̀ǹpútà, sọ́fítíwíà, ìsokọ́ra ẹ̀rọ àti àwọn òṣìṣẹ́ tí ń bójú tó wọn ń ti ilé-iṣẹ́ náà lọ sí ibi tí ó ti pinnu láti dé. Èròńgbà ilé-iṣẹ́ lè jẹ́ láti jèrè sí i, láti dín ìnáwó kù, láti dé ọ̀dọ̀ àwọn oníbàárà tuntun, tàbí láti pa òfin mọ́. Iṣẹ́ ẹ̀ka kọ̀ǹpútà ni láti mọ èyí tí ó ṣe pàtàkì jù lọ nínú wọn, kí ó sì to iṣẹ́ tirẹ̀ tẹ̀ lé e. Iṣẹ́ àwọn olùdarí, ẹ̀wẹ̀, ni láti mọ ohun tí ẹ̀rọ lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe, kí wọ́n tó ṣe ìlérí fún oníbàárà.

Ní Nàìjíríà, inú iṣẹ́ báńkì ni ọ̀rọ̀ yìí ti hàn kedere jù lọ. Láàrin ọdún 1990 sí 2024, báńkì kúrò ní ibi tí ènìyàn ti ń jókòó fún ọ̀pọ̀ wákàtí kí ó tó gba owó ara rẹ̀, ó sì di ohun tí ènìyàn ń gbé kiri nínú fóònù. Ìyípadà náà mú ìrọ̀rùn wá, ó sì mú ewu tuntun wá pẹ̀lú, nítorí pé bí ẹ̀rọ báńkì bá dákẹ́ lónìí, owó oúnjẹ, owó ọkọ̀ àti owó ilé ìwòsàn ló dákẹ́ pẹ̀lú rẹ̀.

Ohun tí ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí

Ilé-iṣẹ́ ńlá sábà máa ń ní ètò méjì. Èkíní ni ètò òwò, èyí tí ó ń sọ ohun tí ilé-iṣẹ́ náà yóò tà, ẹni tí yóò tà á fún, iye tí yóò tà á àti ohun tí yóò fi yàtọ̀ sí àwọn tí wọ́n jọ ń ná ọjà kan náà. Èkejì ni ètò ìmọ̀ ẹ̀rọ, èyí tí ó ń sọ irú ẹ̀rọ tí ilé-iṣẹ́ yóò rà tàbí tí yóò háyà, sọ́fítíwíà tí yóò lò, bí yóò ṣe dáàbò bo àkọsílẹ̀ oníbàárà àti irú òṣìṣẹ́ tí yóò gbà sí iṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn tí wọ́n kọ ètò méjèèjì kò jọ jókòó rí, ọ̀tọ̀ ni ibi tí ìkíní yóò dorí kọ, ọ̀tọ̀ ni ibi tí ìkejì yóò dorí kọ. Àwọn tí ń ta ọjà yóò máa ṣèlérí ohun tí ẹ̀rọ kò lè gbé. Àwọn oní-kọ̀ǹpútà yóò máa kọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni kò béèrè.

Ìbámu ètò kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú níní ẹ̀rọ ìgbàlódé. Ilé-iṣẹ́ kan lè ra ẹ̀rọ tí ó dára jù lọ lọ́jà kí ó má sì rí èrè kankan níbẹ̀, bí ẹ̀rọ náà kò bá tan ìṣòro tí ń dí iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Òmíràn lè máa lo sọ́fítíwíà tí ó ti pẹ́, kí ó sì máa rí èrè gidi, nítorí pé iṣẹ́ tí ó fẹ́ kí ó ṣe gan-an ni ó ń ṣe.

Àmì tí a fi ń mọ ilé-iṣẹ́ tí ètò rẹ̀ méjèèjì kò bára mu kò ṣòro. Ọ̀gá ẹ̀ka kọ̀ǹpútà kì í sí níbi ìpàdé tí a ti ń pinnu ọjà tuntun. Ẹ̀yìn ìpinnu ni a ń pè é. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ń dá ra sọ́fítíwíà tirẹ̀, tí àkọsílẹ̀ oníbàárà kan ṣoṣo fi wà ní ibi mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí kò sì sí èyí tí ó bá èkejì dọ́gba. Bí a bá béèrè èrè tí iṣẹ́ ẹ̀rọ kan mú wá, kò sí ẹni tí ó lè dáhùn ju pé a ti parí rẹ̀ lọ.

Bí ìrònú náà ṣe bẹ̀rẹ̀

Ní àwọn ọdún 1960 àti 1970, kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ jẹ́ ẹ̀rọ ràgàjì tí ó ń gba yàrá kan fún ara rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ṣíṣírò owó oṣù àti títọ́jú àkọsílẹ̀ owó tí ó wọlé àti èyí tí ó jáde. Nígbà tí kọ̀ǹpútà kékeré dé orí tábìlì òṣìṣẹ́ ní àwọn ọdún 1980, ìnáwó lórí rẹ̀ pọ̀ sí i lọ́nà tí ó mú kí àwọn onímọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ibi tí èrè rẹ̀ wà. Ní ọdún 1987, Robert Solow, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ará Amẹ́ríkà tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún kan náà, tọ́ka sí i pé kọ̀ǹpútà ti wà káàkiri, ṣùgbọ́n ipa rẹ̀ kò tíì hàn nínú òǹkà tí a fi ń wọn bí iṣẹ́ ṣe ń so èso sí.

Ní ọdún 1993, John Henderson àti N. Venkatraman gbé àlàyé kan jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà IBM Systems Journal, èyí tí ó ti di ìpìlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ohun tí a ń kọ́ nípa ìbámu ètò. Wọ́n pín ọ̀rọ̀ náà sí igun mẹ́rin: ètò òwò, ètò ìmọ̀ ẹ̀rọ, ìgbékalẹ̀ iṣẹ́ àti òṣìṣẹ́ nínú ilé-iṣẹ́, àti ìgbékalẹ̀ àwọn ẹ̀rọ náà fúnra wọn. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ máa bára wọn sọ̀rọ̀. Bí ọ̀kan bá yí padà, tí mẹ́ta yòókù kò yí, ilé-iṣẹ́ yóò máa tiro.

Gẹ́gẹ́ bí àlàyé wọn, ọ̀nà mẹ́rin ni ìbámu lè gbà wáyé. Ní ọ̀nà kìíní, àwọn olùdarí pinnu ètò òwò, wọ́n tún iṣẹ́ àti òṣìṣẹ́ tò, ẹ̀rọ sì tẹ̀ lé wọn. Ní ọ̀nà kejì, ètò òwò ni ó ń darí ètò ìmọ̀ ẹ̀rọ tààrà, tí a sì ń kọ́ ẹ̀rọ tí ó yẹ. Ní ọ̀nà kẹta, ìmọ̀ ẹ̀rọ ni ó kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn, tí ètò òwò fi gba ibẹ̀ wọlé. Àpẹẹrẹ èyí ni M-Pesa tí ilé-iṣẹ́ fóònù Safaricom gbé kalẹ̀ ní Kẹ́ńyà ní ọdún 2007: ilé-iṣẹ́ tí ń ta àkókò ìpè rí i pé ohun tí òun ti ní lọ́wọ́ lè gbé owó kiri pẹ̀lú. Ní ọ̀nà kẹrin, ẹ̀ka kọ̀ǹpútà ń ṣe bí alábòójútó tí ń pèsè iṣẹ́ tí ó dúró ṣinṣin fún gbogbo ẹ̀ka yòókù. Kò sí èyí tí ó ga ju èkejì lọ nínú wọn. Bí ipò ilé-iṣẹ́ bá ṣe rí ni yóò sọ èyí tí ó yẹ.

Lẹ́yìn wọn ni Jerry Luftman, ní ọdún 2000, gbé ìpele márùn-ún kalẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ lè fi yẹ ara rẹ̀ wò. Ohun mẹ́fà ni ó ní kí a wò: bí àwọn méjèèjì ṣe ń bára wọn sọ̀rọ̀, bí a ṣe ń wọn èrè, ẹni tí ó ní àṣẹ láti pinnu, àjọṣe àárín wọn, bí ẹ̀rọ ṣe gbòòrò tó, àti ìmọ̀ àwọn òṣìṣẹ́. Ó yẹ ní àkíyèsí pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ. Ọ̀rọ̀ ènìyàn ni.

Àpẹẹrẹ láti inú iṣẹ́ báńkì ní Nàìjíríà

*Láti orí tálì dé orí kọ̀ǹpútà.* Ní ayé àtijọ́ iṣẹ́ báńkì ní Nàìjíríà, inú ìwé ńlá tàbí káàdì ni àkọsílẹ̀ oníbàárà wà, ní ẹ̀ka tí ó ti ṣí àkáǹtì nìkan. Ẹni tí ó bá fẹ́ gba owó yóò fi ìwé sọ̀wédowó sílẹ̀, wọn yóò fún un ní tálì tí a kọ nọ́ńbà sí, yóò sì jókòó títí wọn yóò fi pe nọ́ńbà rẹ̀. Ẹni tí àkáǹtì rẹ̀ wà ní Kánò kò lè ṣàdédé wọ ẹ̀ka báńkì kan náà ní Ìbàdàn kí ó ní òun fẹ́ gba owó.

Àwọn báńkì tí wọ́n dìde ní nǹkan bí ọdún 1990, bí Zenith àti GTBank, kò ní ẹ̀ka púpọ̀ bí ti àwọn báńkì àgbà. Bí wọ́n bá fẹ́ bá wọn díje nípa kíkọ́ ilé, wọn kò ní lè bá wọn. Ohun tí wọ́n lè tà ni ìyára. Nítorí náà, síso àwọn ẹ̀ka pọ̀ kí oníbàárà lè gba owó rẹ̀ ní ẹ̀kayẹ̀ka kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lójú wọn. Òun gan-an ni ètò òwò. Nígbà tí wáyà tẹlifóònù NITEL kò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé, ọ̀pọ̀ báńkì náwó sórí ìsokọ́ra sátẹ́láìtì. Ìnáwó náà wúwo, ṣùgbọ́n ó bá ìlérí tí wọ́n ti ṣe fún oníbàárà mu.

*Ìdàpọ̀ àwọn báńkì.* Ní oṣù Keje ọdún 2004, Charles Soludo, gómìnà Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà nígbà náà, kéde pé olú-owó tí báńkì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní yóò kúrò ní bílíọ̀nù 2 náírà, yóò sì di bílíọ̀nù 25 náírà kí ọdún 2005 tó parí. Báńkì 89 ni ó wà nígbà tí ìkéde náà jáde. Nígbà tí gbèdéke pé, 25 ni ó kù. Báńkì tí ó dà pọ̀ mọ́ òmíràn kò gba owó àti ilé nìkan. Ó gba ẹ̀rọ, nọ́ńbà àkáǹtì àti ìwà iṣẹ́ òmíràn pẹ̀lú. Níbi tí àwọn olùdarí ti fọwọ́ sí ìwé ìdàpọ̀ kí wọ́n tó béèrè bí àkọsílẹ̀ oríṣiríṣi yóò ṣe wọ inú ẹ̀rọ kan, ìdàpọ̀ lórí ìwé a máa yá, ìdàpọ̀ gidi a sì máa pẹ́.

*Ohun èlò àjùmọ̀lò.* Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Àwọn èròńgbà kan wà tí báńkì kan ṣoṣo kò lè dá mú ṣẹ. A dá NIBSS sílẹ̀ ní ọdún 1993, tí Báńkì Àpapọ̀ àti àwọn báńkì jọ ni ín, láti máa yanjú owó láàrin báńkì sí báńkì. Interswitch bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2002, ó sì jẹ́ kí káàdì báńkì kan lè ṣiṣẹ́ lára ẹ̀rọ ATM báńkì mìíràn. Báńkì Àpapọ̀ sọ nọ́ńbà àkáǹtì gbogbo báńkì di òǹkà mẹ́wàá, lábẹ́ ìlànà tí a mọ̀ sí NUBAN. Ní ọdún 2011, NIBSS gbé ètò NIP jáde, èyí tí ń gbé owó láti báńkì kan sí òmíràn lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò dídín lílo owó lọ́wọ́ kù ní Èkó ní ọdún 2012, ọ̀nà tí owó yóò gbà ti wà nílẹ̀.

Ní oṣù Kejì ọdún 2014 ni nọ́ńbà ìdánimọ̀ BVN bẹ̀rẹ̀, èyí tí ó so gbogbo àkáǹtì ènìyàn pọ̀ mọ́ ìtẹ̀ka àti àwòrán ojú rẹ̀. Èròńgbà òwò ni ó ṣáájú níbí pẹ̀lú. Ẹni tí ó jẹ báńkì kan ní gbèsè lè lọ fi orúkọ tí ó yàtọ̀ díẹ̀ ṣí àkáǹtì ní òmíràn. Níbi tí a kò bá ti lè mọ ẹni tí a ń yá lówó, owó yíyá yóò wọ́n. Ní ọdún 2015, ìjọba àpapọ̀ tẹ̀ lé ọ̀nà kan náà nígbà tí ó pàṣẹ pé kí gbogbo owó tí ń wọlé fún àwọn àjọ rẹ̀ máa lọ sínú àkáǹtì kan ṣoṣo ní Báńkì Àpapọ̀. Ìjọba fẹ́ mọ iye tí ó ní lọ́wọ́; ẹ̀rọ ìsanwó Remita ni a lò láti fi mú èyí ṣẹ.

*Ìdánwò ọdún 2023.* Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022, Báńkì Àpapọ̀ kéde pé òun yóò pààrọ̀ owó 200, 500 àti 1,000 náírà. Nígbà tí ó di oṣù Kìíní àti Kejì ọdún 2023, owó tuntun kò tó, owó àtijọ́ sì ti wọ báńkì. Gbogbo ènìyàn sáré lọ sórí fóònù àti ẹ̀rọ POS lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀pọ̀ owó tí a fi ránṣẹ́ kò dé ibi tí ó ń lọ. Òmíràn kúrò lápò ẹni tí ó fi ránṣẹ́, kò sì dé ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò gbà á fún ọjọ́ púpọ̀. Àwọn ìyá ọjà tí ọjà wọn ń bàjẹ́ ta á lọ́pọ̀, àwọn mìíràn fi ọjà wọn sílẹ̀ láì tà.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ jẹ́ àìbámu lójú gbogbo orílẹ̀-èdè. Ìlànà ìjọba ti yí padà láàrin oṣù mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ ni a kò lè sọ agbára ẹ̀rọ àwọn báńkì di ìlọ́po láàrin oṣù mẹ́ta. Àwọn ilé-iṣẹ́ bí OPay, PalmPay àti Moniepoint, tí wọ́n ti gbé gbogbo òwò wọn ka orí ìsanwó kéékèèké tí ó pọ̀ lóǹkà láti ìbẹ̀rẹ̀, rí ọ̀pọ̀ oníbàárà tuntun gbà ní àkókò náà. Ìrú ẹrù tí ó dé bá gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà ni irú èyí tí àwọn wọ̀nyí ti ń múra sílẹ̀ láti gbé.

*Pípààrọ̀ ẹ̀rọ ìpìlẹ̀.* Gbogbo báńkì ni ó ní sọ́fítíwíà ìpìlẹ̀ kan tí ó ń tọ́jú àkáǹtì, tí ń ṣírò èlé, tí ó sì ń kọ owó tí ó wọlé àti èyí tí ó jáde. Ní ọdún 2024, àwọn báńkì ńlá mélòó kan ní Nàìjíríà pààrọ̀ tiwọn. Ìdí rẹ̀ yé ènìyàn: iye ìsanwó ti pọ̀ ju ohun tí ẹ̀rọ àtijọ́ lè gbé, owó àṣẹ ìlò sọ́fítíwíà tí a ń fi dọ́là san sì ti ga. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ oníbàárà kò rí ọ̀nà dé ibi tí owó wọn wà fún ọjọ́ mélòó kan. Èròńgbà tí ó dára kò gba ilé-iṣẹ́ lọ́wọ́ ìbínú oníbàárà bí a kò bá bi ara wa léèrè ṣáájú pé: ọjọ́ wo nínú oṣù ni ìsanwó kò pọ̀? Ta ni yóò sọ fún oníbàárà, ọjọ́ mélòó sì ni yóò ṣáájú? Bí ẹ̀rọ tuntun bá kọ̀, báwo ni a ó ṣe padà sí ti àtijọ́? Ìbéèrè òwò ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kì í ṣe ti àwọn oní-kọ̀ǹpútà nìkan.

Bí a ṣe ń ṣe é

Ìgbésẹ̀ kìíní ni kí ilé-iṣẹ́ sọ èròńgbà rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ tí ó ṣe é wọ̀n. Kí a fi ilé-iṣẹ́ kan tí ń ta oògùn lósùnwọ̀n fún àwọn ilé ìwòsàn ṣe àpèjúwe. Bí àwọn olùdarí rẹ̀ bá ní àwọn fẹ́ di ilé-iṣẹ́ ìgbàlódé, ẹ̀ka kọ̀ǹpútà kò rí nǹkan kan dì mú nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní nínú páálí oògùn 100 tí àwọn ń rà, 8 ni ọjọ́ ń kọjá lórí rẹ̀ kí àwọn tó tà á, àwọn sì fẹ́ kí ó dín sí 2 láàrin oṣù 18, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì ni kí a wá ibi tí ìṣòro ti ń ṣẹlẹ̀ kí a tó sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ. Ó lè jẹ́ pé àwọn tí ń tọ́jú yàrá ọjà ń kó èyí tí ó dé gbẹ̀yìn jáde ṣáájú nítorí pé òun ni ó wà níwájú. Ó lè jẹ́ pé ẹni tí ń ra ọjà kò mọ iye tí ó ṣẹ́kù ní ẹ̀ka mìíràn. Ohun tí irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nílò ni àkọsílẹ̀ ọjà kan ṣoṣo tí gbogbo ẹ̀ka ń lò, tí ó sì ń fi ọjọ́ tí oògùn yóò bàjẹ́ hàn. Kò nílò áàpù aláràbarà tí ọ̀gá àgbà rí lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ mìíràn.

Ìgbésẹ̀ kẹta ni kí a to àwọn iṣẹ́ ẹ̀rọ bí wọ́n ṣe ṣe pàtàkì sí. Owó kì í tó gbogbo nǹkan. Iṣẹ́ tí kò bá lè tọ́ka sí èròńgbà kan tí ó ń ràn lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ dúró de ẹ̀yìn, àfi èyí tí òfin bá pa láṣẹ tàbí èyí tí ó jẹ́ ti ààbò.

Ìgbésẹ̀ kẹrin ni kí a fi ẹni tí ó ni àbájáde hàn. Nínú àpèjúwe yìí, ọ̀gá yàrá ọjà ni ó yẹ kí ó ni ín, kì í ṣe ọ̀gá kọ̀ǹpútà. Ẹ̀ka kọ̀ǹpútà lè rí i pé ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́. Kò lè fi ipá mú òṣìṣẹ́ yàrá ọjà kó páálí tí ó ti pẹ́ jáde ṣáájú. Bí a bá ń san owó oríire fún àwọn òǹtajà lórí iye páálí nìkan, láì wo èyí tí ọjọ́ rẹ̀ ń lọ, ẹ̀rọ yóò máa fa ọ̀tún, owó yóò máa fa òsì.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún ni wíwọ̀n àti àtúnyẹ̀wò. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń lo ọ̀nà tí Robert Kaplan àti David Norton gbé jáde ní ọdún 1992, èyí tí ń wo owó, oníbàárà, ìgbésẹ̀ iṣẹ́ inú ilé àti ìmọ̀ òṣìṣẹ́ pa pọ̀, tàbí ìlànà COBIT tí àjọ ISACA bẹ̀rẹ̀ sí í gbé jáde ní ọdún 1996. Ìwé ìlànà kò ní ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ohun tí ó ń ṣiṣẹ́ ni ìpàdé tí kì í yẹ̀, níbi tí àwọn olùdarí àti ẹ̀ka kọ̀ǹpútà ti ń wo òǹkà kan náà.

Ìdíwọ́ ní Nàìjíríà àti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà

Ètò tí a kọ fún London tàbí New York kò ní wọ Kàdúná tàbí Kùmásí láìṣe àtúnṣe. Iná mànàmáná ni ìkíní. Ilé-iṣẹ́ tí ó bá ṣètò ẹ̀rọ láìṣírò jẹnẹrétọ̀, bátìrì àti owó epo kò tíì ṣètò. Owó ilẹ̀ òkèèrè ni ìkejì. Dọ́là kan tí kò tó 500 náírà ní ojú ọjà ìjọba ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà ọdún 2023 ti kọjá 1,400 náírà ní oṣù Kejì ọdún 2024. Ilé-iṣẹ́ tí ń gba náírà lọ́wọ́ oníbàárà, tí ó sì ń fi dọ́là san owó sọ́fítíwíà, rí i pé ohun tí ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn lánàá ti di ẹrù.

Ìsokọ́ra pẹ̀lú òkèèrè ni ìkẹta. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, àwọn okùn abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ nítòsí Abidjan ní Côte d'Ivoire. Íntánẹ́ẹ̀tì dákẹ́ tàbí kí ó falẹ̀ ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ ní agbègbè náà, Nàìjíríà àti Gánà sì wà lára wọn. Ilé-iṣẹ́ tí gbogbo ọ̀nà rẹ̀ gba inú okùn kan kọjá rí i pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Òfin pẹ̀lú ti di ara ọ̀rọ̀ náà. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2023 tí òfin ààbò dátà ti Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀, ilé-iṣẹ́ tí ń kó àkọsílẹ̀ ènìyàn jọ gbọ́dọ̀ lè sọ ìdí tí ó fi ń kó o. Èyí bá ìbámu ètò mu, nítorí pé àkọsílẹ̀ tí kò sí èròńgbà kankan fún kò yẹ kí a kó jọ rárá. Ìkẹyìn ni àwọn òṣìṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí wọ́n mọ iṣẹ́ sọ́fítíwíà dunjú ń ṣí lọ sí òkèèrè, tàbí kí wọ́n jókòó sílé kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ òkèèrè. Ètò tí ìmọ̀ rẹ̀ wà lórí ẹnì kan ṣoṣo yóò bá ẹni náà lọ.

Ní ìpele agbègbè, ọ̀nà kan náà ni àwọn orílẹ̀-èdè ń tọ̀. GIM-UEMOA, tí olú-ilé rẹ̀ wà ní Dakar, ń so káàdì báńkì pọ̀ ní àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́jọ tí ń ná owó CFA ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní Gánà, GhIPSS so àwọn àpò owó orí fóònù pọ̀ ní ọdún 2018, tí owó fi lè kúrò lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan bọ́ sórí òmíràn. Ètò PAPSS tí a ṣí ní Accra ní ọdún 2022 ní èròńgbà kan tí ó ju ẹ̀rọ lọ: kí oníṣòwò ní Nàìjíríà lè fi náírà san owó ọjà fún ẹni tí yóò gba sídì ní Gánà, láì kọ́kọ́ wá dọ́là.

Àríyànjiyàn

Kì í ṣe gbogbo onímọ̀ ni ó gbà pé ìbámu tí ó le koko dára. Ní ọdún 2003, Nicholas Carr kọ àròkọ kan nínú Harvard Business Review tí ó fi jiyàn pé kọ̀ǹpútà ti ń dà bí iná mànàmáná: níwọ̀n ìgbà tí gbogbo ilé-iṣẹ́ lè rà á, kò sí ẹni tí yóò fi í borí ẹlòmíràn mọ́, ohun tí ó sì yẹ ni kí a dín ìnáwó àti ewu rẹ̀ kù. Àwọn tí wọ́n ta kò ó ní lóòótọ́ ni gbogbo ènìyàn lè ra ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n bí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe so ó mọ́ iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣe é rà lọ́jà.

Àtakò kejì ni pé ètò òwò a máa yí padà kíákíá, ẹ̀rọ a sì máa pẹ́ kí ó tó yí. Ilé-iṣẹ́ tí ó bá gé ẹ̀rọ rẹ̀ bá èròńgbà òní wẹ́kú lè rí i pé kò gba èròńgbà ọ̀la mọ́ra, bí aṣọ ọmọdé tí a gé bá a lára jù. Àtakò kẹta ni pé àwọn òṣìṣẹ́ a máa rí ọ̀nà tuntun tí kò sí nínú ètò ẹnikẹ́ni, bí a bá sì fi dandan lé e pé kí gbogbo nǹkan tọ́ka sí ètò, a lè pa irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ kú. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ fi ń ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìdánwò tí kò tíì ní èròńgbà kan pàtó.

Láìka àríyànjiyàn wọ̀nyí sí, ìbéèrè tí ó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà kò yí padà. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà tún gbé olú-owó àwọn báńkì sókè, ó sọ ti àwọn tí ń ṣiṣẹ́ dé òkèèrè di bílíọ̀nù 500 náírà, ó sì fún wọn di oṣù Kẹta ọdún 2026. Bí ìdàpọ̀ bá ti ibẹ̀ wá, iṣẹ́ síso àkọsílẹ̀ pọ̀ tí ó wáyé lẹ́yìn ọdún 2005 yóò tún wáyé, ṣùgbọ́n ẹrù tí ó wà lórí ẹ̀rọ ti yàtọ̀. Ní ọdún 2005, bí kọ̀ǹpútà báńkì bá dákẹ́, oníbàárà á padà sílé, á sì ná owó tí ó wà lápò rẹ̀. Lónìí, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mú owó kankan lọ́wọ́ jáde nílé mọ́.